Bí Ẹ Ṣe Lè Wádìí Ibi Tí Ìbọn Ìléwọ́ Jámánì Tí Ẹ Jogún Ti Wá

Wọ́n ṣí àpótí olóògbé, wọ́n bá ìbọn ìléwọ́ kan nínú aṣọ tí epo ti rin. Ó lè jẹ́ bàbá ìyàwó yín tó jẹ́ ará Amẹ́ríkà ló fi í sílẹ̀, ó lè jẹ́ ìyá àgbà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ọkọ rẹ̀ jagun, ó sì lè jẹ́ inú yàrá bàbá àgbà nílé ni wọ́n ti rí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìtàn á ti pé mẹ́ta lórí ìbọn kan ṣoṣo. Ẹnì kan á ní ọ̀gágun Hitler ló ni ín, ẹnì kejì á ní wọ́n rà á ni, ẹnì kẹta á ní wọ́n gbà á lọ́wọ́ sójà kan lójú ogun.

Ìbọn Jámánì ṣeé wádìí dáadáa, torí pé àwọn tó ń ṣe é kì í jẹ́ kó jáde láìlu òǹtẹ̀ sí i. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ọdún tó jáde, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó gbà á, gbogbo rẹ̀ lè wà lára irin yẹn. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà tẹ̀ lé: ẹ ka irin náà tán kí ẹ tó gba ìtàn ẹbí gbọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ padà lọ bá ẹbí pẹ̀lú ohun tí irin sọ. Luger P.08 ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá nínú àpótí báyìí, òun náà sì ni ohun kíkà pọ̀ lára rẹ̀ jù.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ ka ìbọn náà sí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀ títí ẹni tó mọṣẹ́ yóò fi ṣí i hàn yín. Kéèyàn yọ àpò ọta kúrò ní ìdí rẹ̀ kò tó, torí ọta kan lè ṣì wà nínú ihò ọta lókè. Lára Luger, irin pẹlẹbẹ kan wà lókè tí wọ́n kọ GELADEN (“ọta ti wà nínú rẹ̀” lédè Jámánì) sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá gbé orí sókè, ọta wà nínú ihò nìyẹn. Síbẹ̀, ẹ má fi ẹ̀mí yín sọ́wọ́ irin tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Ẹ pe alágbẹ̀dẹ ìbọn tó ní ìwé àṣẹ tàbí ọlọ́pàá kó wá tú u wò. Bí ẹ bá rí ọta àtijọ́ nínú àpótí kan náà, ẹ fi lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ẹ má sì yìn ín láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ẹ ń wá kò sí níbẹ̀.

Òfin ló kàn. Pé ìbọn ti gbó kò sọ ọ́ di ohun ọ̀ṣọ́. Ní Nàìjíríà, Òfin Ìbọn ti 1959 kó gbogbo ìbọn ìléwọ́ sábẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìsí ìwé àṣẹ Ààrẹ, tó fi dé orí èyí tí wọ́n ń fi òkúta ṣáná fún láyé àtijọ́. Ní Ìlú Ọba, Luger tó ń yin ọta 9 mm kò sí lára ohun àtijọ́ tí òfin fojú fò. Ìbọn èèwọ̀ ni, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ó kéré tán ló sì wà nílẹ̀ fún àgbàlagbà tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìní àṣẹ, àfi tí adájọ́ bá rí ìdí pàtàkì. Torí náà, ẹ má gbé e rìn lójú títì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ pe ọlọ́pàá lórí 101, kí wọ́n wá bá yín nílé. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé wọ́n á yọ́ ọ dànù, ẹ béèrè nípa ààyè tí òfin ìbọn ti 1997 níbẹ̀ fi sílẹ̀ fún ìbọn tó ní ìtàn, àti fún èyí tí wọ́n kó bọ̀ láti ojú ogun kí 1946 tó wọlé.

Ní Jámánì fúnra rẹ̀, ajogún gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba lójú ẹsẹ̀, oṣù kan péré ló sì ní láti béèrè ìwé àṣẹ lẹ́yìn tó bá ti gba ogún náà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ka ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ sí ohun àtijọ́. Mauser C96 ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ìbọn ìléwọ́ Jámánì mìíràn, lè bọ́ sábẹ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí Luger kankan tó lè bọ́ síbẹ̀, torí 1900 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é jáde. Òfin ìpínlẹ̀ sì yàtọ̀ síra. Ti New York kò rí bíi ti Texas. Ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbé e kọjá ààlà ìpínlẹ̀, ẹ má sì ronú láé pé ẹ máa dì í mọ́ ẹrù wá sílé.

Ẹ má dán an

Ẹ̀dùn ọkàn ni fún mi nígbàkigbà tí mo bá rí ìbọn tí ẹnì kan fi bébà ìyọ́rin yọ́, tó ń kọ mọ̀nà, tí gbogbo òǹtẹ̀ ara rẹ̀ sì ti di pẹrẹsẹ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ bọlá fún olóògbé. Ohun tí wọ́n pa rẹ́ yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Bí irin bá ti ń dógùn-ún, ẹ fi epo ìbọn díẹ̀ sínú aṣọ rírọ̀, ẹ fi pa á lára fẹ́ẹ́rẹ́, kó parí síbẹ̀.

Àwọ̀ irin náà ń sọ̀rọ̀. Lára Luger tí wọ́n ṣe ṣáájú 1937, àwọn irin kéékèèké kan, bí èyí tí ìka fi ń fà á àti èyí tí wọ́n fi ń tì í pa, ní àwọ̀ ìyeyè tó ṣú díẹ̀, nígbà tí ìyókù ara rẹ̀ dúdú bí aró. Ní 1937, ilé iṣẹ́ Mauser tó ń ṣe Luger nígbà náà pa ọ̀nà ìpawọ̀ yẹn tì, gbogbo irin sì di dúdú. Torí náà, bí ọdún 1917 bá wà lára ìbọn yín tí àwọn irin kéékèèké náà dúdú láìkù síbì kan, ẹnì kan ti tún un pa láwọ̀. Ìyẹn kò sọ ọ́ di aláìníláárí, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀ pé kò wà bó ṣe jáde nílé iṣẹ́.

Ẹ má sì tú igi tó wà ní ibi ìdìmú fúnra yín. Ti apá òsì Luger máa ń ṣán nítòsí irin tí wọ́n fi ń tì í pa, bí ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n bá fà á yọ.

Ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ gbogbo àmì sílẹ̀

Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe tààrà láti òkè. Òjìji á gbé lẹ́tà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ yọ. Lẹ́yìn fọ́tò, ẹ mú bébà, kí ẹ ya àmì kọ̀ọ̀kan bó ṣe rí gan-an: bí adé bá wà lórí lẹ́tà, ẹ ya adé, bí ìyẹ́ apá idì bá tẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ yà á bẹ́ẹ̀. Ẹ má túmọ̀ ohunkóhun ní ìpele yìí. Ẹni tó bá ti pinnu pé àmì Násì ni òun rí, ojú rẹ̀ kò ní rí ohun mìíràn mọ́.

Ibi tí ẹ máa wò lára Luger nìyí: orí irin tó ń ká bí orúnkún lókè, òkè ihò ọta, ẹ̀gbẹ́ òsì àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ara rẹ̀, iwájú rẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀pá ìbọn, abẹ́ ọ̀pá náà, iwájú ibi ìdìmú níbi tí àwọn ìka ń bò mọ́lẹ̀, àti ìdí àpò ọta. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ àkọ̀ awọ rẹ̀ wò bí ó bá ṣì wà. Ẹni tó rán awọ máa ń lu orúkọ, ìlú àti ọdún sí inú ìdérí tàbí sí ẹ̀yìn, sójà míì sì máa ń fi gègé kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Mo ka àkọ̀ sí ẹlẹ́rìí tó níyì gan-an, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń jù ú nù torí ó ti gbẹ.

Nọ́ńbà kan wà tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú: lábẹ́ ọ̀pá ìbọn, ẹ lè rí 8,82 tàbí iye tó sún mọ́ ọn. Kì í ṣe ọdún, kì í ṣe nọ́ńbà ìbọn. Ìbú ihò ọ̀pá náà ni, ní mìlímítà. Jámánì ń fi kọ́mà síbi tí àwa ń fi àmì ìdánudúró sí.

Ta ló ṣe é, nígbà wo, fún ta?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí orúnkún yẹn. Lẹ́tà D, W àti M tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn dúró fún Deutsche Waffen- und Munitionsfabriken ní Berlin, níbi tí Georg Luger ti ṣiṣẹ́. Adé tí wọ́n kọ ERFURT sábẹ́ rẹ̀ ni ilé ìṣẹ́ ohun ìjà ti ọba Prussia, ìpínlẹ̀ tó tóbi jù ní Jámánì ìgbà náà. Simson, ní ìlú Suhl, ń ṣe é fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Ẹbí Júù ló ni ilé iṣẹ́ náà, àwọn Násì sì gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Krieghoff náà, ní Suhl, ṣe nǹkan bí 10,000 fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú.

Ní 1930, Mauser ní Oberndorf gba iṣẹ́ Luger lọ́wọ́ DWM. Nígbà tí ìjọba Hitler sì ń kó ohun ìjà jọ ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n fi àmì àṣírí rọ́pò orúkọ. S/42 ni Mauser. Lẹ́tà K lórí ihò ọta dúró fún 1934, G fún 1935. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún ń kọ ọdún ní kíkún. 42 lásán ló tẹ̀ lé e ní 1939 àti 1940, byf ló sì gbà á títí 1942.

Ọdún tó wà lórí ihò ọta kò nílò àlàyé, àfi bó bá jẹ́ méjì. Bí ẹ bá rí 1917 àti 1920 papọ̀, ìjọba tuntun tó dé lẹ́yìn ọba ló lu 1920 sí i, kí wọ́n lè dá ìbọn ìjọba mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí àwọn èèyàn kó pamọ́ sílé. Ìtumọ̀ èyí fún ìtàn ẹbí yín tóbi: ìbọn 1917 tó ní 1920 lára ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba Jámánì lẹ́yìn ogun àkọ́kọ́, ó sì lè jẹ́ pé inú ogun kejì ni wọ́n ti gbà á. Èyí tí kò ní i lè ti kúrò lọ́wọ́ wọn láti 1918.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà nídìí irin tí wọ́n fi ń tì í pa àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin pẹlẹbẹ òkè. GESICHERT (“ó ti tì pa”) àti GELADEN ni ti Jámánì. Bí ẹ bá rí RUST pẹ̀lú ọfà, àwọn Dutch ni wọ́n ṣe é fún. LOADED jẹ́ ti ọjà Amẹ́ríkà, ẹ sì lè bá idì Amẹ́ríkà lórí ihò ọta. CARREGADA jẹ́ èdè Potogí, Portugal tàbí Brazil ló rà á; nǹkan bí 5,000 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Brazil rà, lẹ́tà B nínú òbìrí sì wà lára wọn. Ti Bulgaria ní lẹ́tà Cyrillic, ti Switzerland ní àgbélébùú. Bí wọ́n bá lu GERMANY sí i ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìbọn ọjà ni, wọ́n kó o wọ Amẹ́ríkà láti tà, torí láti 1890 ni òfin owó ibodè níbẹ̀ ti ní kí ọjà ilẹ̀ òkèèrè gbé orúkọ ilẹ̀ tó ti wá sára. Ìtàn pé wọ́n gbà á lójú ogun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Bí tiyín kì í bá ṣe Luger, ìlànà kan náà ni. Mauser C96, tí àpò ọta rẹ̀ wà níwájú ibi ìfà, máa ń ní 9 ńlá pupa lára igi ìdìmú bó bá jẹ́ ara 150,000 tí ìjọba béèrè ní 1916. Walther tí wọ́n kọ Zella St. Blasii sí ti wà kí 1919 tó parí, torí ọdún yẹn ni ìlú náà para pọ̀ mọ́ Mehlis tó di Zella-Mehlis. Lára P.38, ac ni Walther, byf ni Mauser, cyq ni Spreewerk.

Nọ́ńbà ìbọn àti òǹtẹ̀ àwọn ayẹ̀wò

Nọ́ńbà nìkan kò ní sọ ohunkóhun fún yín láìsí ilé iṣẹ́ àti ọdún. Fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun, ọdọọdún ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti 1. Tí wọ́n bá dé 10,000, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà a, lẹ́yìn náà b, lẹ́yìn náà c. Ká ní DWM 1917 ni tiyín, nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ 4512 pẹ̀lú b kékeré nísàlẹ̀. Ẹgbàárùn-ún méjì ti jáde ṣáájú rẹ̀, nítorí náà òun ni ìkẹrìnlélógún ẹgbẹ̀rún ó lé díẹ̀, ìyẹn nǹkan bí 24,512, lọ́dún yẹn. Ẹni tó bá kọ 4512 sílẹ̀ tó gbàgbé b ti sọ ìbọn yìí di ti ẹlòmíì.

Lẹ́yìn náà ẹ wo àwọn irin kéékèèké: 12 ló yẹ kó wà lára wọn, ìyẹn nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 87, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Ìdí àpò ọta náà ní nọ́ńbà. Nínú àwọn ti ogun àkọ́kọ́, àpò kejì ní àmì + lára.

Ní ti òǹtẹ̀ kéékèèké ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, lẹ́tà tó dé adé jẹ́ ti àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò fún ọba, idì sì jẹ́ ẹ̀rí pé wọ́n ti fi ọta líle dán an wò. Adé lórí B, U àti G, àti N lẹ́yìn náà, jẹ́ ti ìbọn ọjà. Idì lórí N dé láti 1940. Idì tí nọ́ńbà wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ohun ìjà ìgbà Hitler: 655 àti 135 ń tọ́ka sí Mauser, 359 sí Walther.

Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ni ín

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ní 1909, ìjọba Prussia gbé ìwé ìlànà jáde lórí bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe máa lu orúkọ rẹ̀ sára ohun ìjà. Lára Luger, iwájú ibi ìdìmú ni ó wà, níbi tí ọwọ́ ti nù ún títí tó fi ń parẹ́. Ká ní ẹ rí 76.R.6.28. níbẹ̀. 76 ni nọ́ńbà réjímẹ́ǹtì, R fi hàn pé réjímẹ́ǹtì ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ni, 6 ni kọ́ńpìnnì, 28 ni nọ́ńbà ohun ìjà yìí nínú kọ́ńpìnnì náà. Bùdó réjímẹ́ǹtì 76 wà ní Hamburg. Láàárín ogun náà, wọ́n kó o sínú Dífísọ̀nù 111, tó jà ní Somme, ní Arras, ní Flanders àti ní Cambrai. B níwájú nọ́ńbà sábà ń tọ́ka sí Bavaria, ìpínlẹ̀ Jámánì tó wà ní gúúsù.

Kò sí orúkọ èèyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo sójà ló ń gba ìbọn ìléwọ́: àwọn tó ń yin ìbọn arọ̀jò-ọta, àwọn ọ̀gá kékeré, àwọn tó ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ àti àwọn tó ń bójú tó ìbọn ńlá ló ń gbà á. Àwọn ọ̀gá ńlá ń fowó ara wọn ra tiwọn, ìdí nìyẹn tí ìbọn ọ̀gá fi lè wà láìní àmì ẹgbẹ́ kankan, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ọjà.

Ibi tí ẹ máa gbà lọ láti ibẹ̀ wà lọ́wọ́ ibi tí réjímẹ́ǹtì náà ti wá. Ìwé ẹgbẹ́ ọmọ ogun Prussia wà ní Potsdam, ó sì jóná púpọ̀ nígbà tí bọ́ǹbù bọ́ níbẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1945. Ti Bavaria yè, ó wà ní Kriegsarchiv, ilé àkọsílẹ̀ ogun, ní München. Èyí tó kù nípa ológun Jámánì wà ní Bundesarchiv, ilé àkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀ Jámánì, ní Freiburg. Fún Prussia, ẹ wá ìwé ìtàn réjímẹ́ǹtì tí àwọn ọ̀gá àtijọ́ kọ láàárín 1920 sí 1939, kí ẹ sì wo àkọsílẹ̀ àwọn tó kú àti àwọn tó fara pa, tí Verein für Computergenealogie, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wádìí ìtàn ìdílé ní Jámánì, ti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lè fi orúkọ ìlú wá a.

Ìbọn ìgbà Hitler kì í sábà ní àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Àmì ọlọ́pàá ni ẹ máa ń rí, òun ló sì ń fa àṣìlóye jù. S.D. tí nọ́ńbà tẹ̀ lé kì í ṣe ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti Himmler, olórí ẹgbẹ́ SS ti àwọn Násì, bí àwọn kan ṣe ń sọ fún oníbàárà kí owó lè gòkè. Ọlọ́pàá Düsseldorf ni, láti ìgbà tí Hitler kò tíì gorí àlééfà pàápàá.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹbí yín

Ní báyìí ẹ lè padà sọ́dọ̀ àwọn àgbà. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé òótọ́ ni ìtàn náà. Ìtìjú á mú wọn pa ẹnu dé. Ẹ béèrè ọdún tí olóògbé wọ iṣẹ́ ológun, ìlú tí ó dárúkọ jù, ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ẹ yẹ àpótí lẹ́tà, fọ́tò àti ìwé tí wọ́n fún un nígbà tó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ wò. Fún sójà Amẹ́ríkà ti ogun kejì, ẹ wá bébà pẹlẹbẹ kan tí ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí, tó gbà á láàyè láti kó ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀tá wálé, tí nọ́ńbà ìbọn náà sì lè wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí bébà yẹn, ẹ má pọ̀ ọ́n, ẹ má lẹ̀ ẹ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ ju ìbọn lọ.

Ìwé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà wà ní St. Louis. Iná kan ní oṣù Keje 1973 jó nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àkọsílẹ̀ àwọn tó fi ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ sílẹ̀ láàárín 1912 sí 1960. Ẹ má torí ìyẹn sọ̀rètí nù: ẹ béèrè ìròyìn òwúrọ̀ ti kọ́ńpìnnì rẹ̀, tó ń sọ ẹni tó wà níbi iṣẹ́ àti ẹni tó lọ. Fún sójà Ìlú Ọba ti ogun àkọ́kọ́, ẹ lọ sí National Archives ní Kew, kí ẹ béèrè WO 95, ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Bí bàtálíọ̀nù bàbá àgbà bá dojú kọ Dífísọ̀nù 111 nínú ìwé yẹn, ibi ìpàdé ti yọ.

Ìbọn fúnra rẹ̀ lè já ìtàn. Láti 1968, ẹni tó ń kó ìbọn wọ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ lu orúkọ àti ìlú rẹ̀ sí i. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lára ọ̀pá, kì í ṣe inú àpò sójà ló gbà wọlé ní 1945. X tí wọ́n lu sí ẹ̀gbẹ́ òsì jẹ́ àmì pé ó ti wà lọ́wọ́ Soviet.

Fún ẹbí wa nílé, ogun tí wọ́n lọ ni kẹ́ẹ fi díwọ̀n ìtàn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà bá Jámánì jà ní Kamẹrúùnù láti 1914 sí 1916, wọ́n sì tún bá wọn jà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà tó jẹ́ ti Jámánì, níbi tí ìjà Mahiwa ti le gan-an ní oṣù Kẹwàá 1917. Àwọn tó lọ Burma nígbà ogun kejì, nínú Dífísọ̀nù 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Japan ni wọ́n bá jà. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé Burma ni Luger bàbá àgbà ti wá, ẹ tún un wò. Nambu ti Japan, irú Type 14, jọ Luger lókèèrè: ibi ìdìmú rẹ̀ dagun, ọ̀pá rẹ̀ tín-ín-rín. Ṣùgbọ́n kò ní orúnkún tó ń ká lókè, lẹ́tà Japan sì ni wọ́n lù sí i. Nọ́ńbà bíi 19.5 lára rẹ̀ túmọ̀ sí oṣù karùn-ún ọdún kọkàndínlógún ìjọba Shōwa. Ẹ fi 1925 kún 19, ó di 1944. Ìtàn bàbá àgbà lè jẹ́ òótọ́ pátá, kó jẹ́ orúkọ ìbọn nìkan ni wọ́n ṣì pè.

Ayédèrú

Ibi tí owó bá pọ̀ sí ni wọ́n ti ń ṣe ayédèrú: àmì SS, Krieghoff, ti ọmọ ogun ojú omi tó ní ọ̀pá 150 mm, ti ológun ìbọn ńlá tó ní ọ̀pá 200 mm. Ẹ wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Bí gbogbo ara ìbọn bá ti fá, tí etí lẹ́tà kan ṣoṣo sì ṣì mú, tí inú rẹ̀ ń dán nígbà tí ti àwọn yòókù ti ṣú, ẹ má sanwó lórí rẹ̀. Ẹ tún bi ara yín pé ṣé ọdún bá ilé iṣẹ́ mu. DWM tí àmì SS wà lára rẹ̀ pẹ̀lú 1917 nìkan gbọ́dọ̀ ní àlàyé tó le.

Bí ẹ ṣe máa kọ̀wé sí onímọ̀

Ilé iṣẹ́ Colt ní Amẹ́ríkà ṣì ń kọ lẹ́tà fún ẹni tó ni ìbọn rẹ̀ nípa ọjọ́ tó jáde. DWM kò sí níbẹ̀ mọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀, torí náà àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ àti àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló kù. Ẹ má kọ̀wé béèrè iye owó lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdáhùn tí ẹ máa rí gbà kò ní ju owó lọ. Ẹ fi fọ́tò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ránṣẹ́, òkè, iwájú ibi ìdìmú, ìdí àpò ọta àti inú àkọ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì tí ẹ ti yà. Ẹ kọ ìtàn ẹbí sí ìpínrọ̀ tirẹ̀, kí ẹ dárúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọdún tó sọ ọ́. Bí ẹ bá ń gbé fọ́tò síta gbangba, ẹ bo nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn, ẹ má sì fi ilé tàbí àdúgbò yín hàn.

Ẹ kó gbogbo èsì sínú fáìlì kan. Ojú ìwé àkọ́kọ́ kó ní nǹkan mẹ́rin: ohun tó wà lára irin, ohun tó wà nínú ìwé, ohun tí ẹbí sọ, àti ohun tí ẹ̀yin fúnra yín rò, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́. Ẹ dì í mọ́ ìwé àṣẹ ìbọn náà, kí ẹ fún ọmọ kan nínú ẹbí ní ẹ̀dà, kí ẹ sì sọ ibi tó wà fún lọ́yà tó ń tọ́jú ìwé ìhágún yín.